Ẹ Jẹ́ Ká Padà sí Gálílì

 

  Ọ̀rọ̀ tòní máa gùn díẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á dópin, torí láti ọjọ́ Ajé ọdún làwọn kan ti ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa, ó sì dáa ká dá gbogbo wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbéèrè wọn ò ju ẹyọ kan lọ: "Pásítọ̀, ṣé lóòótọ́ lẹ kó ọmọ ìjọ lọ sí Ìkógòsì nígbà ọdún, tẹ́ ẹ ń ki ẹsẹ̀ bọ omi, tẹ́ ẹ ń jẹran, dípò ètò àdúrà?"

Lóòótọ́ ni. Lẹ́yìn ìsìn Àjíǹde, ìdílé mẹ́fà àtàwọn mìíràn tá a mú mọ́ra, gbogbo wa jẹ́ 32, a wọ bọ́ọ̀sì láti Ìjerò, a gba Arámọkọ kọjá, a gba Ẹrìnjìyàn, a sì dé Ìkógòsì kí oòrùn tó wọ̀. A sùn síbẹ̀. Ọjọ́ Ajé la padà sílé. A ò jí i ṣe, a ò sì fi bò fún ẹnikẹ́ni. Gálílì la lọ.

Ohun tá a fẹ́ sọ lónìí ni pé kí gbogbo ìjọ tó ti gbàgbé Gálílì padà síbẹ̀. Ẹrù kan wà lọ́kàn ọmọ ènìyàn tí kò ní sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò ní sọ̀ kalẹ̀ níwájú pẹpẹ, àfi níbi tí ọ̀rẹ́ àti ọ̀rẹ́ bá ti jókòó, tí wọ́n ti jẹun yó, tí kò sì sẹ́ni tó ń kánjú.

KÍ LÓ Ń JẸ́ GÁLÍLÌ?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa lè má mọ̀ ọ́n. Ẹ bi àwọn òbí yín àgbà. Nínú àwọn ìjọ tó ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ọjọ́ Ìsinmi Àjíǹde ni wọ́n ń pè ní ọjọ́ Gálílì. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ìrẹsì ti wà nínú kúlà, ẹran ti din, ẹní ti wà lórí àwọn ọmọ. Wọ́n á jáde lọ sí orí pápá iléèwé, tàbí ẹ̀gbẹ́ òkè, tàbí etí odò. Àwọn ọmọ á máa sáré, àwọn ọkùnrin á máa fa okùn, àwọn ìyá á máa bu oúnjẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní ìjọ Áńgílíkà tàbí Mẹ́tọ́díìsì, ṣebí ẹ rántí?

Ibo ni orúkọ yẹn ti wá? Nínú Bíbélì ni. Ẹ ka Mátíù orí 28 àti Máàkù orí 16. Nígbà táwọn obìnrin dé ibojì tí wọn ò bá òkú, iṣẹ́ tí wọ́n gbà ni pé kí wọ́n sọ fáwọn ọmọ ẹ̀yìn pé Jésù ti ṣáájú wọn lọ sí Gálílì, níbẹ̀ ni wọ́n á ti rí I. Kò ní kí wọ́n pàdé Òun ní tẹ́ńpìlì. Gálílì, nílé, nítòsí omi, níbi tí wọ́n ti jọ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rẹ́ wọn.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n débẹ̀? Jòhánù orí 21 sọ ọ́ fún wa. Ọmọ ẹ̀yìn méje lọ pẹja, wọ́n fi gbogbo òru dẹ àwọ̀n, wọn ò rí ẹyọ kan. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Jésù dúró létí òkun. Ó sọ ibi tí wọ́n á ju àwọ̀n sí, ẹja 153 ló wọlé. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n bá nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀: iná èédú, ẹja lórí rẹ̀, àti búrẹ́dì. Ẹni tó ṣẹ́gun ikú ló ń yan ẹja! Ó pè wọ́n kí wọ́n wá jẹun òwúrọ̀.

Ẹ má gbàgbé pé ọ̀rọ̀ ńlá wà nílẹ̀ láàárín Jésù àti Pétérù. Pétérù ti sẹ́ Ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nídìí iná èédú náà ló ti sẹ́ Ẹ. Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká pe ìpàdé alàgbà lé lórí ni. Jésù kò mẹ́nu kàn án nígbà tí Pétérù tutù, tébi ń pa á, tójú oorun wà lójú rẹ̀. Ẹsẹ 15 sọ ọ́ kedere pé lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán ni Ó tó bi í léèrè nípa ìfẹ́, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí Ó sì dá iṣẹ́ rẹ̀ padà fún un. Oúnjẹ ló ṣáájú ọ̀rọ̀. Ìsinmi ló ṣáájú ìmúpadàbọ̀sípò.

Gálílì nìyẹn.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LẸ́BÀÁ OMI

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì dé Ìkógòsì, ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé. Omi méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń sun láti ẹ̀gbẹ́ òkè, ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èkejì ń bọ̀ láti ibòmíràn, ó tutù. Wọ́n á ṣàn wá pàdé lábẹ́ igi, o lè ki ẹsẹ̀ kan bọ omi tó gbóná, kí o ki èkejì bọ omi tútù níbi tí wọ́n ti pàdé. Àwọn ará ìlú máa ń pìtàn pé ìyàwó ọdẹ kan ni omi méjèèjì tẹ́lẹ̀, ìyáálé tó gbóná àti ìyàwó tó tutù. Ìtàn àwọn àgbà nìyẹn. Ohun táwa rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó gbóná àtẹni tó tutù lè jọ rìn ojú ọ̀nà kan náà. Irú ìjọ wo la ní tí kò sí méjèèjì nínú rẹ̀?

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé yẹn, a ti jẹ iyán, a ti jẹ ẹran. Àwọn ìyá wà lápá kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Àwa ọkùnrin mẹ́rin jókòó síbi tí omi méjèèjì ti pàdé, a kẹ́sẹ̀ bọ omi. Ọ̀rọ̀ iṣu là ń sọ, bí iṣu ọdún yìí ṣe wọ́n. Arákùnrin kan wà láàárín wa. Ó ti fún wa láyè ká sọ ọ́. A ò ní dárúkọ rẹ̀, a ò sì ní sọ ìlú rẹ̀. Ó ti pẹ́ nínú ìjọ. Ẹni tó máa ń kọ́kọ́ dé ni. Ìgbàkígbà tó o bá kí i, "A dúpẹ́, Ọlọ́run ò fi wá sílẹ̀" ni.

Bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ iṣu lọ́wọ́, ó ṣàdédé sọ pé, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ó ti pé oṣù méje tí wọ́n ti ní kí n máa lọ níbi iṣẹ́."

Gbogbo wa dákẹ́.

Ó ní ojoojúmọ́ lòun ṣì ń múra, òun ń gbé báàgì, òun ń wọkọ̀ lọ sí ìlú kejì, òun á jókòó síbì kan títí di aago mẹ́rin kí òun tó padà sílé. Ìyàwó òun kò mọ̀. Owó tí òun ń mú wálé, owó àyálò ni, àwọn tó yá òun sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe fóònù. Ó wá sọ pé òun ti ń ro ohun tí kò yẹ kí onígbàgbọ́ máa rò. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Kò sẹ́ni tó bá a wí. Kò sẹ́ni tó ṣí Bíbélì sí i lójú. Ọ̀kan nínú wa gbé ọwọ́ lé e léjìká, ọwọ́ yẹn ò kúrò níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó sunkún tán, a gbàdúrà ní ohùn jẹ́jẹ́. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta pákó sọ fún un pé kó wá sọ́dọ̀ òun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun ń wá ẹni tó mọ̀wé tó lè bá òun tọ́jú ìwé owó. Kì í ṣe iṣẹ́ ńlá, àmọ́ iṣẹ́ ni. Ká tó wọ bọ́ọ̀sì, òun fúnra rẹ̀ pe ìyàwó rẹ̀ sápá kan, wọ́n sì dúró sábẹ́ igi títí. A ò mọ ohun tí wọ́n sọ. Ohun tá a mọ̀ ni pé wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú padà wá.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Láàárín oṣù méje yẹn, a ṣe àìsùn lóṣooṣù. A ṣe ìsọjí. A ṣe ààwẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Arákùnrin yìí wà níbẹ̀ ní gbogbo rẹ̀, ó gbọ́wọ́ sókè, ó ké Halleluyah. Ṣé àìsùn ò dára ni? Ó dára. Ọlọ́run ló gbọ́ àdúrà rẹ̀ tó fi rí ẹsẹ̀ gbé dé ẹ̀bá omi yẹn. Àmọ́ ìdáhùn àdúrà náà, ẹnu ọ̀rẹ́ ló gbà wá, níbi tí kò sí máìkì, tí kò sí ìlù, tí kò sẹ́ni tó ń wo aago. Àwọn baba wa kúkú ti sọ ọ́: ojú lọ̀rọ̀ wà. Tá a bá ń wo ẹ̀yìn orí ara wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì láti ọdún dé ọdún, ìgbà wo la fẹ́ rí ojú?

Ẹ̀YIN TẸ́ Ẹ Ń WO FỌ́TÒ ÒKÈ ÒKUN

Ọmọ ìjọ wa kan wà ní Ítálì. Lọ́dún tó kọjá, ó gbé fọ́tò sórí ẹ̀rọ: òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ létí òkun nílùú Rimini, oòrùn ń ràn, eyín funfun. Ẹ̀yin ará, a ka ohun tẹ́ ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀ o! "Olúwa, ìgbà tèmi dà?" "Ọlọ́run, yọ mí kúrò ní Èkìtì yìí." Ha!

A pè é lórí fóònù ká lè kí i. Ó ṣàlàyé fún wa pé ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ni fọ́tò yẹn, ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní Ferragosto níbẹ̀. Ọlidé tó ti wà látayé Késárì Augustu ni, Késárì kan náà tí Lúùkù orí 2 dárúkọ, àwọn Kátólíìkì sì ń ṣe ọdún Màríà lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù á tì, àwọn ènìyàn á kó ẹbí àti ọ̀rẹ́, wọ́n á lọ sí etí òkun tàbí orí òkè. Ó ní ní Rimini, ibi tó pọ̀ jù létí òkun ni wọ́n ti to àga àti agboòrùn sí, owó lèèyàn sì fi ń jókòó síbẹ̀. Ibi ọ̀fẹ́ wà lápá kan. Ibi ọ̀fẹ́ lòun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun lọ, torí òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí ni gbogbo wọn. Wọ́n se ìrẹsì, wọ́n gbé e sínú kúlà, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Ẹdó, ọ̀kan wá láti Gánà, ọ̀kan láti Senegal.

Ó wá sọ ohun kan tí a ò lè gbàgbé. Ó ní, "Dádì, kì í ṣe òkun yẹn ló dùn mọ́ mi. Tá a bá ti padà síbi iṣẹ́, ẹnì kan á ṣe ti òwúrọ̀, ẹnì kan á ṣe ti òru. Ọjọ́ yẹn nìkan la jọ jókòó láti àárọ̀ dálẹ́."

Ṣé ẹ gbọ́? Ohun tẹ́ ẹ ń jowú kì í ṣe òkun. Ìjókòó pọ̀ ni. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ọlọ́run fún wa ní omi gbígbóná àti tútù ní Ìkógòsì. Ó fún wa ní omi tó ń já láti orí àpáta ní Àrìnta, ní Ìpólé-Ìlórò, nítòsí ibẹ̀ náà. Tá a bá gba Ẹ̀fọ̀n bọ́ sílẹ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà nìyẹn, pẹ̀lú omi Olúmirìn tó ń já ní ìpele méje. Àwọn ènìyàn ń ti ìlú mìíràn wá wò wọ́n. Ìwọ tí wọ́n bí sẹ́bàá ibẹ̀, ìgbà mélòó lo ti mú ìyàwó rẹ débẹ̀?

A ò ní kí ẹni tí Ọlọ́run bá ṣí ọ̀nà fún má lọ sí Ítálì. Kó máa lọ, kó sì rántí wa. Àmọ́ má fi ayọ̀ rẹ pa mọ́ de ọjọ́ tí fìsà bá jáde.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ YÍN

Èkíní, àwọn kan ní omi òrìṣà ni omi Ìkógòsì. Ẹ̀yin ará, ta ló dá omi? Orin Dáfídì ìkẹrìnlélógún ti sọ ẹni tó ni ayé àti gbogbo ohun tó kún inú rẹ̀. Òjò ló ń wọ inú ilẹ̀ lọ jìnnà, tí ooru inú ilẹ̀ ń mú un gbóná, tó sì ń gba ojú àpáta tó ya padà sókè. Iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run ni. Láàárín ọdún 1950 sí 1959 ni míṣọ́nárì Baptist kan láti Amẹ́ríkà, John McGee, ti rí bí ibẹ̀ ṣe dára tó, tí àwọn Baptist sì ń lò ó fún ibùdó àpéjọ. Àwọn tó ṣáájú wa nínú ìgbàgbọ́ ti kọrin ìyìn sí Jésù lẹ́bàá omi yẹn kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó délé ayé.

Ní ọ̀nà kejì ẹ̀wẹ̀, ẹ má sọ ọ́ di òrìṣà fúnra yín. A rí àwọn tó ń bu omi sínú jálá pé ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ máa ń tu ara tó ti rẹ̀, ìyẹn dájú. Àmọ́ ẹni tí dókítà bá fún ní oògùn, kó lo oògùn rẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká ti Ìkógòsì gbé òkú padà.

Èkejì, "Gálílì ti di ọjọ́ ọtí àti ìwọ̀kuwọ̀." A mọ̀. Lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, ilé ọtí máa ń kún. Ṣùgbọ́n tí olè bá ń gba ojú ọ̀nà kan, ṣé a máa wú ọ̀nà náà kúrò nílẹ̀ ni? Ìdí tí ayé fi gba ọjọ́ yẹn ni pé àwa onígbàgbọ́ pa á tì. Àwọn ọmọ wa máa lọ síbì kan lọ́jọ́ ọlidé, yálà pẹ̀lú wa tàbí láìsí wa. Èwo lẹ fẹ́?

Ẹ̀kẹta, "Ṣé kò ní dáa ká fi ọlidé gbàdúrà?" Ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ wa yìí kì í ṣe ilẹ̀ tó ń bẹ̀rù àdúrà. Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni ibojì Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá wà, ẹni tó sùn nínú Olúwa lọ́dún 1959. Àwọn òkè wa mọ ohùn àdúrà. Kò sí ẹni tó máa fi ìyẹn dù wá. Ṣùgbọ́n ẹ ka Máàkù orí 6, ẹsẹ 31. Àwọn àpọ́sítélì ti ibi iṣẹ́ ìwàásù dé, iṣẹ́ ti pọ̀ débi pé wọn ò ráyè jẹun. Jésù kò fi ètò mìíràn kún un. Ibi tó dá ni Ó ní kí wọ́n wá, kí wọ́n sinmi díẹ̀. Èlíjà sọ pé kí òun kú nínú 1 Àwọn Ọba orí 19. Oorun àti àkàrà ni áńgẹ́lì kọ́kọ́ fún un, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tó dé lẹ́yìn náà. Ẹ tún wo orúkọ tí àwọn baba wa fún Sunday lédè Yorùbá: Ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ sọ òótọ́ fún wa. Tẹ́ ẹ bá ti ìsìn dé lọ́jọ́ Ìsinmi, tẹ́ ẹ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, tẹ́ ẹ lọ sí ìdánrawò akọrin, ṣé ẹ ti sinmi?

Ẹ̀kẹrin, owó. Ọ̀rọ̀ gidi nìyí, torí ọjà gbóná. Ṣe bó o ti mọ, ẹlẹ́wà Sàpọ́n. Ẹni tó bá yáwó lọ sí Gálílì, gbèsè ló bá lọ, gbèsè ló máa bá padà. Bí àwa ṣe ṣe tiwa nìyí: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú la ti bẹ̀rẹ̀. A fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní àpò ìwé kan, gbogbo àpò ìwé jọra, kò sí orúkọ lára rẹ̀. Ohun tí agbára rẹ ká ni kó o fi sí i. Ẹni tí kò ní, kó dá a padà lófìfo, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ilé tó ní iṣu mú iṣu wá, ẹni tó ní adìyẹ mú adìyẹ wá. Ìjọ ló rọ epo sí bọ́ọ̀sì. Ó ká a.

ÀWỌN WO LẸ MÚ LỌ?

Ìbéèrè yìí ni ẹnikẹ́ni ò bi wá, òun ló sì ṣe pàtàkì jù.

Nínú Deutarónómì orí 16, nígbà tí Ọlọ́run pàṣẹ fún Ísírẹ́lì pé kí wọ́n máa yọ̀ nígbà ọdún, Ó ka orúkọ àwọn tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: ọmọkùnrin, ọmọbìnrin, ìránṣẹ́kùnrin, ìránṣẹ́bìnrin, ọmọ Léfì, àlejò, aláìníbaba àti opó. Ẹ wò ó dáadáa. Àṣẹ ni ayọ̀ yẹn, kì í ṣe ìmọ̀ràn, kò sì pé títí opó fi dé ìdí àwo. Nehemáyà orí 8 náà sọ ọ́: ẹ jẹ ọ̀rá, ẹ mu ohun dídùn, kí ẹ sì fi ìpín ránṣẹ́ sí ẹni tí kò ní.

Nítorí náà, nínú àwa 32, opó mẹ́ta wà. Ọmọ iléèwé méjì wà tí wọ́n ń kàwé nílùú wa, tí òbí wọn jìnnà. Ọmọbìnrin tó ń bá ìdílé kan ṣiṣẹ́ ilé wà níbẹ̀, ìyá ilé náà sì ni ó fọ abọ́ lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe òun. Ọ̀kan nínú àwọn opó náà ti lé ní 70 ọdún. Ìlú kejì sí Ìkógòsì ni wọ́n bí i sí, láti ìgbà ọmọdé ló ti ń gbọ́ orúkọ omi náà, kò dé ibẹ̀ rí. Nígbà tó ki ẹsẹ̀ bọ ọ́, ó ké bí ọmọdé, ó ní, "Ó gbóná lóòótọ́!" Gbogbo wa pa rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde lójú rẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ìwọ àti àwọn tó jọ lówó bí tìrẹ nìkan lẹ lọ, tẹ́ ẹ ya fọ́tò, tẹ́ ẹ padà, ó dáa, ẹ ti gbafẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní Gálílì.

OHUN TÁ A TI PINNU

Láti ọdún yìí lọ, kò ní sí ètò kankan nínú ìjọ wa lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde. A ti bá àwọn alàgbà sọ ọ́, ọ̀rọ̀ sì ti jọ. Ẹgbẹ́ ilé àdúrà kọ̀ọ̀kan ni kó ṣètò Gálílì tirẹ̀. Kò di dandan kó jẹ́ Ìkógòsì. Abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé ẹnì kan tó, tí oúnjẹ àti ọ̀rẹ́ bá ti wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ pa ìlànà wọ̀nyí mọ́:

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá ẹni méjì ó kéré tán tí kò ní ẹbí nítòsí, kí wọ́n mú wọn mọ́ra.

Kí fóònù wà nínú báàgì lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ya fọ́tò. Kò sí bí a ṣe lè gbọ́ ọ̀rọ̀ inú ẹni tó jókòó tì wá tí ojú wa bá wà lórí WhatsApp.

Kí ọkọ̀ gbéra ní ojúmọmọ, kó sì padà ní ojúmọmọ. Gbogbo wa la mọ ohun tí ojú àwọn arìnrìn-àjò ti rí lójú ọ̀nà ilẹ̀ yìí. Ìgbàgbọ́ ò ní ká máa fi òru dán Ọlọ́run wò.

Kí àgbàlagbà wà pẹ̀lú àwọn ọmọ lẹ́bàá omi ní gbogbo ìgbà. Àkókò Àjíǹde ni òjò ń bẹ̀rẹ̀, àpáta Àrìnta àti Olúmirìn sì máa ń yọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn sí Ìkógòsì, ẹ pè wọ́n ṣáájú, ẹ béèrè iye owó, kí ọ̀rọ̀ má di àríyànjiyàn lẹ́nu géètì.

Tí ẹnikẹ́ni bá sì sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ níbẹ̀, kó dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá gbé àṣírí ọ̀rẹ́ láti Gálílì wá sí ọjà ti ba Gálílì jẹ́ fún gbogbo ìjọ.

Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí. Jẹ́tírò wo Mósè tó jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́, ó sì sọ fún un lójú pé ohun tó ń ṣe kò dára, òun àtàwọn ènìyàn á jọ rẹ̀ ni. Kò pe Mósè ní ọ̀lẹ. Tí agùntàn bá rí i pé olùṣọ́ kì í sinmi, wọ́n á rò pé Ọlọ́run tí a ń wàásù náà kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi. Ẹ mú ìyàwó yín dání, ẹ pe ọ̀rẹ́ méjì, ẹ lọ. Ìjọ ò ní wó. Ẹni tó ni ín kì í tòògbé.

Ìwọ tó ń kà á báyìí, tó o ti ń gbé báàgì jáde láàárọ̀ lọ síbi tí kò sí iṣẹ́, tàbí ohun tí ìwọ ń gbé lọ́kàn yàtọ̀ sí ìyẹn: má dúró de ọdún tó ń bọ̀. Pe ẹnì kan lónìí. Kọ̀wé sí wa ní kọ̀rọ̀, a máa dá ọ lóhùn. A ò ní bá ọ jà. A máa kọ́kọ́ bi ọ́ bóyá o ti jẹun.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Baba, Ìwọ tó yan ẹja fún àwọn ọ̀rẹ́ Rẹ létí òkun, fún wa ní ọ̀rẹ́ tá a lè sọ òótọ́ fún. Sọ wá di ọ̀rẹ́ tí ènìyàn lè sọ òótọ́ fún. Ẹni tí ẹrù ń pa lọ nínú ìjọ tó sì ń rẹ́rìn-ín, ṣí i lẹ́nu kó tó pẹ́ jù. Dá iṣẹ́ padà fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣọ́ ọ̀nà wa ní àlọ àti àbọ̀. Lórúkọ Jésù.

Tó o bá gbà á gbọ́, kọ Àmín sísàlẹ̀. Kó o tó ṣe bẹ́ẹ̀, kọ́kọ́ pe opó tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, kó o bi í bó ṣe jí.

Ẹ kú ọdún o. Èkìtì Kẹ́tẹ̀!